Òkúta tó ń Di Ààyè Mú Lórí Àpáta

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo kọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n téèpù tó máa ń wà lọ́rùn mi kì í mọ sára aṣọ nìkan. Bí mo bá ń lọ ní Abẹ́òkúta, tí mo rí àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, tàbí pèpéle kan níwájú ilé àtijọ́ tí ìdí àwọn tó ń jókòó lé e ti mú kó máa dán, ọkàn mi kì í balẹ̀ àfi tí mo bá wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè: ta ló mọ ọ́n? Àwọn wo ló ń jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, àwọn wo ló ń jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́? Kí ló dé tí ọ̀tún ibẹ̀ fi jẹ ju òsì lọ? Ìyàwó mi a sì máa sọ fún àwọn oníbàárà tí kò bá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé, "Ẹ ní sùúrù, ó ń bọ̀. Ó lọ wọn ṣòkòtò fún àpáta ni."

Àwòrán àwọn ibi tí mo bá wọ̀n ni mo ń lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán oríṣiríṣi sítáì. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan nílùú wa ti rí wọn lọ́jọ́ tó wá gba bùbá rẹ̀. Ó dúró ti ògiri yẹn pẹ́ ju bó ṣe dúró ti dígí lọ.

Ó ní, "Bọ̀dá, àwa tó wà ní músíọ̀mù, ti ọba àti ti ogun ló kún ọwọ́ wa. Ojú títì ńkọ́? Ibi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá, tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Mà, ìbéèrè tí mo ti ń dáhùn láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ẹni tó máa bi mí ni mi ò tíì rí."

Ó rẹ́rìn-ín. Kó tó kúrò níbẹ̀, ó ti fún mi ní yàrá kan pé kí n fi ṣe ìpàtẹ ìtàn tó fara pamọ́ sí àwọn ibi tó jẹ́ ti gbogbo wa. Títí dòní ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Kò bi mí ní sáńtífíkéètì. Bùbá rẹ̀ ló yẹ̀ wò, ó rí i pé ojú rírán rẹ̀ gún, ó sì gbà pé ẹni tó lè ṣe ìyẹn á lè to yàrá.

Bí mo ṣe mọ iṣẹ́ ni mo ṣe ṣe é. Ẹlòmíràn lè yà á sórí kọ̀ǹpútà. Èmi gé pátánì. Mo ra bébà aláwọ̀ ilẹ̀ tí àwa télọ̀ fi ń gé aṣọ, mo gé gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ gbé síbẹ̀ bó ṣe tóbi gan-an, mo tẹ́ wọn sílẹ̀ káàkiri yàrá náà bí ẹni tó fẹ́ rán agbádá fún ilé. Mo wá ń rìn láàárín wọn. Mo ṣe bí ìyá tó pọnmọ, mo ṣe bí baba tó ń fi ọ̀pá rìn, kí n lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ á ti máa kọ nǹkan. Mo mọ ìgbà tí oòrùn ń gba fèrèsé wọlé àti ibi tó ń rìn dé kó tó padà. Lára ògiri ọ̀tún, mo fi àwòrán igi tí àwọn bíríkìlà ń dúró sí lábẹ́ rẹ̀ ní kùtùkùtù kí ẹni tó níṣẹ́ tó wá mú wọn. Lára ti òsì, mo fi ti ògiri kúkúrú tí àwọn tó ń lọ sí Kọ́bapẹ́ ń sọ ẹrù lé kí mọ́tò tó dé, tí ẹrù ti họ orí rẹ̀ títí ó fi ń dán. Àárín yàrá nìkan ló ṣófo. Mo mọ ohun tó yẹ ibẹ̀: àpáta àdúgbò wa. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí ènìyàn ṣe ń gbé àpáta wọ yàrá.

Kì í ṣe àpáta tí àwọn àlejò ń sanwó gùn o. Ẹ̀yìn ilé wa ni èyí wà, lójú ọ̀nà tó já sí Ìtòkú. Ó tẹ́ rẹrẹ, ó wá ga díẹ̀ síhà ìlà-oòrùn. Ewúrẹ́ ń sùn síbẹ̀, ọmọ iléèwé ń gbà á kọjá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn obìnrin a máa sá nǹkan síbẹ̀: láfún funfun lápá kan, ata pupa lápá kan, aṣọ àdìrẹ níbi tó ga. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ibi tó bá wu oníkálùkù ló ń sá tirẹ̀ sí. Èmi tí wọ́n bí sídìí àpáta yẹn náà rò bẹ́ẹ̀, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí mo gbé òkúta.

Òkúta náà dá wà ní téńté àpáta, níbi tí oòrùn àárọ̀ kọ́kọ́ ń bà. Ó tó orí ọmọ ọwọ́. Abẹ́ rẹ̀ tẹ́, ihò kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gba àtàǹpàkò. Àwọ̀ rẹ̀ ló dá mi dúró. Aró ti mu ún yó. Kì í ṣe pé wọ́n kùn ún. Aró ti wọ inú rẹ̀ lọ bí epo ṣe ń wọ inú orógùn, òkè rẹ̀ ti ṣá díẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Inú mi dùn débi pé mi ò wẹ̀yìn. Mo gbé e, mo fẹ́ fi téèpù yí i ká.

"Ẹ gbé e sílẹ̀!"

Ìyá Oníláfún ni, obìnrin tó ń ṣe láfún tà nísàlẹ̀ ilé wa. Àjọdàgbà ni wá. Ó ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ń gun àpáta bọ̀.

"Bọ̀dá Télọ̀, mo ní ẹ gbé e sílẹ̀! Ẹ ti lé Ìyá Aláró kúrò nílé!"

Mo wọ̀tún, mo wòsì. "Ilé wo? Èwo ni ilé níbí?"

"Ẹ ṣáà dá a padà síbi tó wà. Rárá, kì í ṣe báyẹn. Ibi tó nihò ló ń kọjú sí ìlà-oòrùn." Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ fẹ́ fi aṣọ rírán sílẹ̀, kí ẹ wá máa bá wa sá láfún? Tó bá jẹ́ ààyè lẹ fẹ́, ẹ tò sẹ́yìn o. Àwọn tó ń dúró de èyí kì í ṣe kékeré."

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ òfin àpáta. Òkúta tí ènìyàn fi ń di etí aṣọ mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, tàbí tó fi ń tẹ àpò láfún mọ́lẹ̀, òun náà ló ń fi sílẹ̀ lójú ààyè rẹ̀ tó bá kó nǹkan rẹ̀ wọlé. Bí òkúta bá wà níbẹ̀, onítọ̀hún ń bọ̀. Ó lè ṣàìsàn, ó lè rìnrìn àjò. Kò sẹ́ni tó máa sá nǹkan síbẹ̀ láìtọrọ. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́ tí òkúta ò sí níbẹ̀, ààyè ti bọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Kò sí ìwé. Ọmọ onílẹ̀ ò dá sí i. Àwọn obìnrin ló ń ṣọ́ ọ, ìyá ń sọ ọ́ fún ọmọ, ìyálé ń sọ ọ́ fún ìyàwó. Gbogbo òkúta tí mo ti rò pé òjò ló gbé wọn síbẹ̀, ẹnì kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kalẹ̀.

Orí mi wú. Ìtàn tí mò ń wá kiri ìlú, ẹ̀yìnkùlé wa ló wà. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìpàtẹ fún Ìyá Oníláfún, mo ní òkúta aláró yìí ló yẹ kó wà láàárín yàrá.

Ó mi orí. "Ẹ lọ bi Ìyá Aláró fúnra wọn. Àmọ́ ẹ múra sílẹ̀ o. Òkúta yẹn ló ń bá wọn ja ìjà Papalanto."

Mi ò lóye ìyẹn títí mo fi dé ọ̀dọ̀ màmá náà. Ìyá Aláró ti dàgbà, orúnkún ò sì jẹ́ kí wọ́n gun àpáta mọ́. Mo bá wọn lórí ẹní, wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya iṣẹ́ sára aṣọ funfun. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi láfún ṣe ni wọ́n ń ti ìyẹ́ náà bọ̀, nítorí ibi tí ẹ̀kọ bá bà lára aṣọ, aró ò ní mú un. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n rárá. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

"Kú ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ mi. Ìwọ lo gbé òkúta mi láàárọ̀."

Ìròyìn ti ṣíwájú mi débẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò mọ̀ ni."

"Mi ò bínú. Ó pẹ́ tí ènìyàn ti gbé e gbẹ̀yìn. Ó wúwo, àbí?"

"Ó wúwo, mà."

"Ìyá mi ló fi orí rù ú wá láti etí odò Ògùn, lọ́jọ́ tí wọ́n fi ààyè yẹn lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní bí mi ò bá lè gbé e, mi ò lè ṣiṣẹ́ aró."

Mo ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Wọ́n gbọ́ mi dópin, wọ́n sì fa ìlà tó wà lọ́wọ́ wọn débi tó yẹ kó parí kí wọ́n tó gbójú sókè.

"Bí òkúta mi bá wá lọ jókòó sínú ilé yín, kí ló máa jókòó sórí àpáta?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ti Papalanto fún mi. Ọmọ wọn ọkùnrin ń wa tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò. Ó ti kọ́lé sí Papalanto, ó sì ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún wọn níbẹ̀. Ọmọ gidi ni. Gbogbo ìgbà ló ń pè: Màmá, ta ló wà lọ́dọ̀ yín? Màmá, kí lẹ tún ń ṣe l'Abẹ́òkúta? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní tí wọ́n fi ń dá a lóhùn: mo ní ààyè lórí àpáta, mi ò lè fi sílẹ̀.

"Kò lè bá mi jiyàn ìyẹn," ni wọ́n wí. "Aṣọ tí mo sá síbẹ̀ ló fi jẹun dàgbà. Àmọ́ bí ààyè bá bọ́, ẹjọ́ mi tán. Wọ́n á dì mí mọ́ ẹrù. Mi ò sì mọ ẹnì kankan ní Papalanto. Eruku ni màá máa kí láàárọ̀."

Mo ní, "Ó tán, Màmá. Kó wà níbi tó wà. Fọ́tò rẹ̀ ni màá yà."

"Fọ́tò dáa." Wọ́n yí aṣọ náà po, wọ́n tún yí i padà. "Ó kàn wù mí kí àwọn ènìyàn rí i ni. Ibi gbogbo ni aṣọ tí ìyá mi rẹ láró ti gbó. Òkúta yẹn nìkan ló kù tí ọwọ́ wọn kàn."

Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ju òkúta lọ. Mo sọ fún ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó ní kí n má yọ ìyá náà lẹ́nu. Bí àárín yàrá bá máa ṣófo, kó ṣófo. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn náà. Mo yí pátánì mi ká, mo gbìyànjú láti fi fọ́tò sáàárín, ṣùgbọ́n ó dà bí aṣọ tí kò lápò.

Ìyá Oníláfún ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo wọn ń sá nǹkan, ó gbé e síwájú àwọn obìnrin orí àpáta, ó ní kí n wá dúró nísàlẹ̀ kí n máa gbọ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi òkúta mìíràn rọ́pò. Òmíràn ní òkúta tí kì í ṣe tirẹ̀ ò lè jẹ́ fún un. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní kí gbogbo wọn ṣáà gbà pé òkúta ṣì wà níbẹ̀.

Ìyàwó kan dìde. Òun náà ń ṣe aró, kò tíì pẹ́ nídìí rẹ̀, ibi tí oòrùn kì í tètè dé ló sì ń sá aṣọ tirẹ̀ sí. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú sí mi o. Nígbà tí mo lọ bímọ yìí, tí òkúta mi yí dànù, ẹ̀yin náà lẹ ní ààyè mi ti bọ́. Ẹnikẹ́ni nínú yín ò sọ pé kí a ṣáà gbà pé ó wà níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ, wọ́n sì mọ̀.

Ìyá Oníláfún ní, "Wò ó, ẹnu ẹ mú ju àlùmọ́gàjí Bọ̀dá Télọ̀ lọ. Kí lo wá fẹ́ kí ìyá àgbàlagbà ṣe?"

"Ṣé ó le ni? Òkúta tàbí olókùúta. Bí òkúta bá fẹ́ lọ ṣeré ní músíọ̀mù, kí olókùúta wá jókòó!"

Bí ẹni ń sọ ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pòṣé. Ṣùgbọ́n ká tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Aláró, wọ́n ti gbọ́, wọ́n ti rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lórí wọn.

"Ọmọ yẹn gbọ́n! Kí ló dé tí mi ò ronú kan ìyẹn? Ó ku ẹni tó máa gbé mi gòkè."

Ìyá Oníláfún ní, "Èmi ni."

"Ìwọ? Báwo?"

"Ṣé ẹ ò pọ̀n mí rí ni? Ẹ gun ẹ̀yìn mi."

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rí. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbé òkúta, mo yá wílìbárò lọ́wọ́ bíríkìlà kan, mo tẹ́ gèlè ìyàwó mi sínú rẹ̀. Ìyá Aláró ti kìlọ̀ fún mi pé òkúta ò gbọdọ̀ kúrò kí àwọn fúnra wọn tó jókòó. Ni Ìyá Oníláfún bá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìró gbá wọn mọ́ ẹ̀yìn, ó ń fẹsẹ̀ wá ojú àpáta díẹ̀díẹ̀, èmi àti obìnrin orí àpáta kan sì ń tì í lẹ́yìn.

"Rọra o! Ọmọ tuntun ni mí!"

"Ọmọ tuntun tó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì! Màmá, ẹ dákẹ́ kí n lè mí."

Ìyàwó aláró ti gbé àga rọ́bà dúró dè wọ́n lókè. Ó rò pé wọn ò ní lè dé ibẹ̀, ó sì gbé àga dání síbẹ̀síbẹ̀; ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Aláró ní, "Bìsìmílà," wọ́n jókòó. Wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n wo orí páànù àwọn ilé, wọ́n ń mí kanlẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rántí mi.

"Télọ̀, máa gbé e lọ."

Láàárín yàrá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, mo gé aṣọ funfun bí ààyè wọn ṣe tóbi gan-an lórí àpáta, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo gbé òkúta lé e. Ihò rẹ̀ kọjú sí fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé. Ohun tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò pọ̀: "Òkúta yìí ò sí níbi tó yẹ kó wà. Ẹni tó ni ín ló lọ jókòó síbẹ̀ dípò rẹ̀. Ẹ lọ kí wọn." Mo ṣàpèjúwe ọ̀nà sísàlẹ̀.

Mi ò rò pé àwọn ènìyàn máa lọ lóòótọ́. Wọ́n lọ. Wọ́n á jáde nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ Márúwá wá sídìí àpáta, wọ́n á dúró nísàlẹ̀, wọ́n á ké sókè pé, "Ẹ kú ìjókòó, Màmá!" Màmá á ní kí wọ́n máa bọ̀ lókè, kí wọ́n sì bọ́ bàtà. Àwọn obìnrin ń fi ìka hàn wọ́n: òkúta ti lágbájá nìyí, ti tàmẹ̀dò nìyẹn. Ibi tí àwọn ará ìlú ti ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n wá ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta bí ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀nà àgbà. Àràárọ̀ ni Ìyá Oníláfún ń pọ̀n Ìyá Aláró gòkè; màmá tí kì í rí ju ògiri yàrá wọn lọ tẹ́lẹ̀ wá ń bá oníbàárà ná ọjà, wọ́n ń bá ìyàwó aláró wí pé ó ń sá aṣọ lódìlódì. Ìyàwó náà ti ń sá tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà yẹn. Ó tọrọ, wọ́n sì fún un.

Ọmọ wọn náà wá láti Papalanto. Mo mú un wọ yàrá ìpàtẹ. Ó ga, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ látojú ọ̀nà. Ó dúró ti òkúta yẹn. Ó fi àtàǹpàkò sínú ihò rẹ̀, mi ò sì ní kó má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí a dé ìdí àpáta, ìyá rẹ̀ ń bá ẹnì kan ṣe àríyànjiyàn lórí aṣọ, ẹ̀rín sì ń sọ lókè.

Ó ké sókè pé, "Màmá, ṣé ẹ ò ní bá mi lọ sí Papalanto báyìí?"

"Máa bọ̀ wá jókòó síbí, kí n lọ!"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́. Nígbà tó tún máa wá, agbòòrùn ńlá kan ló gbé wá, irú èyí tí àwọn tó ń ta káàdì fóònù ń dúró sí lábẹ́ rẹ̀, ó sì fi okùn dè é mọ́ àga ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìpàtẹ parí. Mo kó pátánì mi, mo fọ gèlè ìyàwó mi, mo tún yá wílìbárò. Àárọ̀ ni mo gbé òkúta dé orí àpáta. Ìyá Aláró wà lórí àga, aṣọ tútù wà nílẹ̀ níwájú wọn.

"Kí lo gbé wá yìí?"

"Òkúta yín ni, Màmá. Mo dá a padà bí mo ṣe ṣèlérí."

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n pa orí rẹ̀ bí ẹni tó ń pa orí ọmọ. Wọ́n ní, "Ó ti sanra lọ́dọ̀ yín. Gbé e padà síbẹ̀."

"Màmá?"

"Ó ti jókòó fún mi tó. Bó bá tún wà níbí lọ́la, ta ló máa wá pọ̀n mí láàárọ̀? Ìyá Oníláfún á ní òkúta ti wà níbẹ̀, kí n lọ sùn."

Ìyá Oníláfún ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Mo gbọ́ o! Ẹ̀yìn mi ni kí ẹ bi!" Ṣùgbọ́n kò sọ pé òun ò ní wá.

Mo dúró síbẹ̀, òkúta wà lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ ọpẹ́ sì kún mi lẹ́nu. Mo fẹ́ dúpẹ́ fún òkúta, fún ìyá wọn tó rù ú láti etí odò, fún àwọn obìnrin tó jẹ́ kí n wọ inú ọ̀rọ̀ wọn. Mo ti bẹ̀rẹ̀: "Màmá, mo dúpẹ́ gan-an ni, torí pé—"

"A ti gbọ́, ọmọ mi. Ìwọ náà ṣeun. Sún sẹ́yìn díẹ̀, òjìji rẹ wà lórí aṣọ mi."

Mo sún sẹ́yìn.